Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Fi Ìmọ̀ràn Iṣẹ́ Jẹun ní Èkó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ iṣẹ́ dójú àmì ní Èkó tí ọwọ́ wọn ṣì ń dilẹ̀. Wọ́n ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe ìṣirò owó ní ọ̀fíìsì ní Marina, tàbí kí wọ́n ti bójú tó òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ní Ìkejà. Aládùúgbò ń pè wọ́n, ẹbí ń pè wọ́n, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ń pè wọ́n, gbogbo wọn ń gba ìmọ̀ràn lọ, "ẹ ṣé gan-an ni" sì ni owó tí wọ́n ń san. Kì í ṣe pé ará Èkó kì í sanwó ìmọ̀ràn. Wọ́n ń san án fún lọ́yà, wọ́n ń san án fún dókítà, wọ́n ń san án fún babaláwo àti wòlíì. Ohun tí wọn kì í sanwó fún ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní òpin, tí kò sì ní iye lórí. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni kí ẹ gé ìmọ̀ yín sí ìwọ̀n tí ènìyàn lè rà, bí aláṣọ ṣe ń gé aṣọ ní yáàdì.

Iṣẹ́ ìṣirò ọjà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé kò sí àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù ò sí. Ìlànà kan náà ló bá ẹni tó mọ ètò ìgbanisíṣẹ́ mu, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù wọ èbúté.

1. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń tà lórúkọ

"Olùdámọ̀ràn lórí okòwò" kì í ṣe ọjà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Balógun kì í jí láàárọ̀ kó máa wá olùdámọ̀ràn kiri. Ohun tó jí bá ni pé ọjà ń tà, owó ò sì sí nílẹ̀. Nítorí náà, ẹnu oníṣòro ni kí ẹ fi kọ ìṣòro náà, ẹ má fi ẹnu ọ̀gá kọ ọ́.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìbéèrè 20 tí àwọn ènìyàn ti bi yín láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe bi yín gẹ́lẹ́. "Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ló ń kó mi lówó ni, àbí èmi ni ò mọ ìṣirò?" "Báńkì ní kí n mú ìwé owó ọdún méjì wá, kí ni mo fẹ́ mú lọ?" "Èló ló yẹ kí n máa ta ọjà yìí gan-an?" Ẹ wo èyí tó ń padà wá jù lọ, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá yanjú rẹ̀, owó tí a lè fojú rí ni yóò bọ́ sí oníbàárà lọ́wọ́. Òun ni ẹ ó kọ́kọ́ tà. Ẹ fi àwọn yòókù pamọ́ ná. Ẹni tó bá ń ta ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tí wọ́n fi ń pè é.

Kí orúkọ ọjà yín ní ohun mẹ́ta nínú: ohun tí ẹ ó ṣe, iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti ohun tí oníbàárà yóò mú dání bí ẹ bá parí. Fún àpẹẹrẹ: "Kíka ọjà ṣọ́ọ̀bù kan, ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó gba ìwé olójú méjì tó fi ibi tí ọjà yín ti ń jò hàn."

Ẹ wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí bí a bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, àǹkárá oníyáàdì mẹ́fà 120 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ra 80 kún un. Ìwé títà sọ pé 150 ti lọ. Ó yẹ kó ku 50. Ẹ kà á, ẹ bá 43. Méje ti rìn láìdágbére. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ₦12,000, ₦84,000 nìyẹn lóṣù kan ṣoṣo. Kí ẹ má sì sáré pe ẹnikẹ́ni lólè. Àwíìn tí wọn ò kọ sílẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà aṣọ tí ọ̀gá fi tọrẹ níbi ìnáwó tó sì gbàgbé, lẹ́yìn náà àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wo àkáǹtì bóyá owó wọlé lóòótọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó wo ọwọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá rí ₦84,000 yẹn lórí bébà, pẹ̀lú ibi tó gbà lọ, kò ní bá yín jà lórí owó iṣẹ́.

2. Ẹ mọ ibi tí ààlà yín dé

Fífúnni ní ìmọ̀ràn ò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan gbà á, ààlà náà ò sì fẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ICAN tàbí ANAN, ẹgbẹ́ méjèèjì tí òfin mọ̀ fún àwọn aṣírò-owó, kò gbọdọ̀ buwọ́ lu ìwé owó ilé-iṣẹ́ bí ayẹ̀wé-owó-wò. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà ò lè ṣojú ẹnikẹ́ni nílé ẹjọ́. Ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àwòrán ilé alájà. Bí iṣẹ́ oníbàárà bá dé ibẹ̀, ẹ sọ fún un pé, "Ibí ni tèmi parí sí, ẹni tó ní àṣẹ ló máa ṣe ìyókù," kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Èyí kì í dín iyì yín kù rárá. Ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ ni kí ènìyàn máa dáhùn gbogbo ìbéèrè.

Ní ti orúkọ iṣẹ́, bí orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé yín gan-an ni ẹ fi ń ṣòwò láìfi nǹkan kan kún un, òfin ò fi dandan lé e pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi "and Co." tàbí ohun mìíràn kún un, dandan ni. Ní tiwa, ẹ forúkọ sílẹ̀ báyìí náà, torí pé báńkì yóò béèrè ìwé yẹn kó tó ṣí àkáǹtì iṣẹ́ fún yín, ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sì í fẹ́ sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan lásán. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ó fi ìwé ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí CAC kí oṣù kẹfà tó parí. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, ìtanràn á sì máa pọ̀ sí i.

3. Ẹ ṣírò owó iṣẹ́ láti ìdí wá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gbọ́ iye tí ẹlòmíràn ń gbà kó sì dín in kù díẹ̀. Ẹ ò mọ iye tí ẹni yẹn fi ń san owó ilé. Inú ilé tiyín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní oúnjẹ, owó ilé, owó ilé-ìwé àti gbogbo ìnáwó ìdílé yín jẹ́ ₦300,000 lóṣù. Owó ọkọ̀ iṣẹ́, ₦40,000. Dátà àti owó ìpè, ₦20,000. Iná àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦30,000. Ìwé títẹ̀ àti ohun kéékèèké, ₦20,000. Ẹ fi ₦90,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún owó orí àti fún oṣù tí kò bá dára. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ló kàn. Ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 22 nínú oṣù, wọ́n á sì pín 500,000 sí 22. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ta ọjọ́ 22. Wíwá oníbàárà á jẹ ọjọ́ márùn-ún. Kíkọ ìwé àti títọpa owó tó wà lọ́wọ́ ènìyàn á jẹ mẹ́ta. Afárá Third Mainland àti ìdúró nílé oníbàárà tó ní "mò ń bọ̀ báyìí" á jẹ mẹ́ta mìíràn, àìsàn tàbí ìnáwó ẹbí á mú ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù tí ẹ lè gbowó lé lórí. ₦500,000 pín sí mẹ́wàá jẹ́ ₦50,000 lójúmọ́, iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì di ₦150,000. Iye tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju èyí lọ, ara yín ni ẹ ń jẹ.

Bí ọkàn bá ń já yín láti dárúkọ iye yẹn, ẹ má dín owó kù, iṣẹ́ ni kí ẹ dín kù. Bí oníbàárà bá ní ₦100,000 ni òun ní, ẹ sọ pé: "Ó dáa mà. Ọjọ́ méjì ni owó yẹn máa gbé. A máa ka ọjà iwájú ṣọ́ọ̀bù, a ò ní dé ilé ìkẹ́rù." Ẹni tó bá dín owó kù láìdín iṣẹ́ kù ti sọ fún oníbàárà pé irọ́ ni iye àkọ́kọ́.

4. Ìwé àdéhùn, ojú kan ṣoṣo

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan láìsí i, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín. Kò ní láti jẹ́ èdè lọ́yà. Ohun tí ẹni méjèèjì lè kà lórí fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Bí irú rẹ̀ ṣe lè rí rèé:

*Iṣẹ́: kíka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun, àti fífi ìwé títà oṣù kan wé e.*
*Ọjọ́: mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀.*
*Ohun tí ẹ ó gbà: ìwé olójú méjì, àti wákàtí kan láti jókòó ṣàlàyé rẹ̀.*
*Ohun tí kò sí nínú rẹ̀: ìṣirò owó orí, ọ̀rọ̀ báńkì, ṣọ́ọ̀bù kejì.*
*Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín: ìwé ọjà tí ẹ rà, ìwé títà, àti ẹnì kan tó máa bá wa ṣí ìdì ọjà.*
*Owó: ₦150,000. ₦90,000 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ₦60,000 lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ìwé.*
*Bí iṣẹ́ bá lé: ₦50,000 lójúmọ́, a ó kọ́kọ́ fẹnu kò kí a tó ṣe é.*

Ìlà kẹrin ló níye lórí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Oníbàárà kì í fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Lójú tirẹ̀, ẹ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìwé ti ṣí sílẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò kàn lè bá òun wo ti owó orí náà? Bí ìlà yẹn bá wà, ẹ̀rín ni ẹ ó fi dáhùn: "A lè ṣe é mà, ìwé tirẹ̀ ni màá fi ránṣẹ́ lálẹ́."

Ìlà karùn-ún náà ń gba ènìyàn là. Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó di ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ẹ wò ó dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìwé tí oníbàárà ò tètè mú wá ló fà á. Bí ìwé ò bá tíì dé, ẹ má lọ. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ọjọ́ yóò yí.

Ẹ má ṣe ìlérí àbájáde. Ẹ lè ṣèlérí pé ẹ ó ka ọjà, ẹ ò lè ṣèlérí pé èrè á di ìlọ́po méjì. Ẹ ò lè ṣèlérí pé báńkì á yá a lówó. Ìpinnu ẹlòmíràn ni ìyẹn.

5. Ibi tí oníbàárà wà

Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ kì í jẹ́ àjèjì. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ 30 ènìyàn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí tàbí tí wọ́n mọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń ṣe báyìí, kí ẹ sì béèrè ẹni tí wọ́n mọ̀ tó ní ìṣòro yẹn.

Lẹ́yìn náà, ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń pé jọ: ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ìṣẹ́jú 20 ni kí ẹ tọrọ, kí ẹ má lò ju 15 lọ. Ìṣirò 120, 80, 150, 43 yẹn ni kí ẹ ṣe lójú wọn lórí pátákó tàbí káàdì ńlá, kí ẹ sì jókòó. Ó dára ju kí ẹ máa sọ ibi tí ẹ ti kàwé lọ. Ẹ tẹ káàdì 200 dání ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé ti pọ̀. Ẹ̀yìn káàdì náà ni kí ẹ kọ ọjà yín sí pẹ̀lú iye ọjọ́.

WhatsApp oníṣòwò ò gbowó, ó sì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Àtòjọ ìfiránṣẹ́ (broadcast) kan ń gba ènìyàn 256, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, níbi ìpàdé yẹn gan-an ni kí ẹ ti ní kí wọ́n fi nọ́ńbà pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ ti tó: ìṣòro kan, ohun tó ń fà á, ohun tí ẹni tó kà á lè ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má ya àwòrán ìwé oníbàárà sórí status, kódà bí ẹ bá bo orúkọ. Òfin ààbò àlàyé ara ẹni ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, àwọn ará ọjà sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn.

Ẹ pín ọ̀sẹ̀ yín bí afárá ṣe pín Èkó. Bí ẹ bá ń gbé ní Agége tàbí Ìkọ̀tún, kí iṣẹ́ Erékùṣù wà ní ọjọ́ méjì péré, oníbàárà méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹni tó bá ń sọdá lójoojúmọ́ nítorí ẹnì kan, inú ọkọ̀ ló ń ta ọjọ́ rẹ̀ sí.

6. Ìpè "kékeré ni mo fẹ́ béèrè"

Ìpè yìí á máa wọlé lójoojúmọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ bínú sí i, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wá. Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ rèé: ohun tó kan gbogbo ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni, ohun tó bá gbà kí ẹ ṣí ìwé tiwọn, owó ni.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, kékeré ni mo fẹ́ béèrè o. Owó ṣọ́ọ̀bù mi ò bá ara wọn mu."

"Ẹ kú ọjà mà. Ṣé ẹ máa ń kọ àwíìn sílẹ̀?"

"Orí ni mo fi ń rántí ẹ̀."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti òní mà, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀: orúkọ, ọjà, iye, ọjọ́. Ó máa ran yín lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ibi tí owó ń gbà lọ, àfi kí n wá ka ọjà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, mo lè fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nísinsìnyí."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ fún un ní ohun tó wúlò lóòótọ́, ẹ sì dárúkọ iṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní òun ń ronú. Ẹ jẹ́ kó ronú. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti béèrè bóyá ìwé àwíìn náà ti ń lọ.

7. Owó tó wọlé

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni ìwé ìbéèrè owó gbọdọ̀ jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ iṣẹ́, àkáǹtì, àti ọjọ́ tí owó gbọdọ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ ṣiṣẹ́ fún, wọn yóò yọ 5% sílẹ̀ bí owó orí kí wọ́n tó san ìyókù. Lórí ₦200,000, ₦190,000 ni yóò dé. Ẹ má kàn máa kùn: ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ₦10,000 yẹn, torí pé owó yín ni, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó orí ọdún yín. Ẹni tí kò béèrè ti fi tọrẹ. Wọn yóò bi yín ní nọ́ńbà owó orí, nítorí náà ẹ ti gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọ̀dọ̀ LIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Èkó, ni ẹ ó máa kọ owó tó wọlé fún yín lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí, kí oṣù kẹta tó parí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n lè gba owó orí lé lórí lọ́dún, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ilé àyágbé náà lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún rẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ẹ fi rìsíìtì onílé pamọ́.

Bí oníbàárà bá fún yín lówó láti bá a san ní ọ̀fíìsì ìjọba, kí ó má gba àkáǹtì yín kọjá. Ẹ jẹ́ kó san án fúnra rẹ̀ kó fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má gba kọ́míṣọ̀n lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ darí oníbàárà sí. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn tí ẹ ti fún un tẹ́lẹ̀ di ìfura. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ bá òun ṣe ìwé owó tí kò ṣẹlẹ̀ nítorí báńkì tàbí físà, ẹ dá owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

8. Ẹni tí kò bá san

Bí ẹ bá ti gba ₦90,000 ṣáájú, ₦60,000 ni gbèsè tó ṣẹ́kù. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé. Ọjọ́ keje, ẹ pè. Ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná, ẹ má bá a sọ ọ́ lójú oníbàárà tirẹ̀. Ẹ lè gbà kó pín in san lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ó bá di agídí, Èkó ní ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké láti ọdún 2018, lábẹ́ Kóòtù Májísíréètì, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Lẹ́tà tó ń béèrè owó ni ẹ ó kọ́kọ́ fún un, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ tó pẹjọ́. 60 ọjọ́ ni wọ́n sì là kalẹ̀ fún ẹjọ́ náà. Ẹ lè dá rojọ́ láìgba lọ́yà. Ìwé àdéhùn olójú kan yẹn àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tó fi gbà pé òun ti gba iṣẹ́ ni ẹ̀rí yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́tà náà nìkan ti tó.

9. Láti iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan sí owó oṣooṣù

Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ò lè bọ́ ilé fún ọdún kan, nítorí ẹ ó máa wá oníbàárà tuntun títí. Ọjọ́ tí ẹ bá jókòó ṣàlàyé ìwé olójú méjì ni kí ẹ fi àkọsílẹ̀ kejì lélẹ̀: ìbẹ̀wò ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ ka ọjà, kí ẹ wo ìwé àwíìn, ₦50,000, kó wọlé ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ oṣù. Ẹ sọ fún un pé oṣù mẹ́ta ni, kó tó pinnu bóyá yóò tẹ̀síwájú. Bí ẹ bá ní mẹ́fà irú wọn, ₦300,000 ìdílé ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó jáde láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo má kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín lọ. Ẹ wò ó ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan: ẹ kọ orúkọ oníbàárà àti iye tó san, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá ti ga jù, wákàtí méjì ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ jẹ́ ti ìpè mẹ́ta sí àwọn tí ẹ ò tíì pè nínú 30 yẹn.